Lẹ́tà Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bá Purofẹ́sọ̀ Wa Kọ

Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ lé mi kúrò nílé ìwé náà ni mo padà wá ń fi jẹun. Nígbà tí mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, èmi ni mo máa ń bá àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé kọ lẹ́tà, bí ẹni pé bàbá wọn ló kọ ọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun wálé. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, mo dá àìsàn lé ìyá mẹ́rin, àìsàn kan náà, nínú gbólóhùn kan náà. Ọ̀gá ilé ìwé to lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ, o ò tiẹ̀ lè parọ́ lọ́nà méjì." Ọjọ́ yẹn ni ìwé mi parí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó jẹ́ ìránṣẹ́ kọ́ọ̀tù ló bá mi wá taipuráítà àlòkù kan. Mo gbé tábìlì sábẹ́ igi furúùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù ní Òkìtìpupa, mo di akọ̀wé. Lẹ́tà "e" ara ẹ̀rọ náà máa ń fò sókè ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, bí ọmọdé tó fẹ́ wo ìran. Àwọn àgbẹ̀ láti Òṣóòro ń wá, àwọn apẹja láti etí omi náà ń wá. Bí wọ́n bá ti ń sọ ẹjọ́ wọn, màá máa mi orí bíi lọ́yà. Mi ò tíì pé ogún ọdún. Ìgbéraga mi nìkan ló ti dàgbà.

Àkókò yẹn ni purofẹ́sọ̀ wa wálé. "Wa" ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí òun nìkan la ní. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ni ní yunifásítì, bí àwọn òbí bá sì ń bá ọmọ wí, òun ni wọ́n fi ń na ọmọ náà. Ìyá mi gan-an máa ń sọ fún mi pé, "Ẹnìkan jẹ iṣu ìlú yìí, ó di purofẹ́sọ̀. Ìwọ náà jẹ ẹ́, ikùn lo fi yọ." Ẹ wá wo bí inú mi ṣe dùn nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n lé òun náà. Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́, àmọ́ ó dùn mọ́ mi. Mo ní, a ti di méjì.

Ohun tí wọ́n ní ó ṣe kò le láti ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan láti Òde-Ìrèlé wà nínú kíláàsì ẹ̀, ọmọ náà fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lẹ èsì mọ́ ògiri, purofẹ́sọ̀ dá wọ ọ́fíìsì, ó mú ìwé ọmọ náà, ó yí máàkì ẹ̀ padà, ọmọ náà bá yege. Òun ní ojú ìwé kan wà lẹ́yìn tí òun gbàgbé láti rò mọ́ ti iwájú, àṣìṣe ara òun lòun tún ṣe. Àwọn kan ní irọ́ ni, ọmọ agbègbè ẹ̀ ló ràn lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ pín sí méjì lórí ẹ̀, àwa nílé náà pín sí méjì. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní kó kọ ìwé ìgbèjà wá, ìgbìmọ̀ kan máa jókòó tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà á gbọ́, á padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí wọn ò bá gbà á gbọ́, ó tán.

Ilé ìyá ẹ̀ ló ti ń dúró dè wọ́n. Ẹ̀rọ mi ló wá fi tẹ ìwé ìgbèjà náà, àmọ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

"Sà, mo lè bá yín tẹ̀ ẹ́ kíákíá," ni mo wí.

Ó wo lẹ́tà àgbẹ̀ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán. "Mo rí i pé o máa ń yára. Dìde níbẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sórí àga mi, tí èmi jókòó sórí gbòǹgbò igi. Mo ń yọjú lẹ́yìn ẹ̀, mo sì ka gbogbo ẹ̀. Ojú ìwé méje ni, ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: mi ò ṣẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí "ẹ jọ̀ọ́" kankan níbẹ̀. Mo sọ nínú ara mi pé, purofẹ́sọ̀ yìí ò mọ lẹ́tà kọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi í ránṣẹ́ tí ìyá ẹ̀ àti àgbà méjì nínú ẹbí wọn fi wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe rí. Bí ẹnìkan bá kó sí wàhálà lọ́wọ́ ẹni tó jù ú lọ, a kì í kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló jẹ̀bi. A máa kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Ẹbí á kó ara wọn jọ, wọ́n á ní ọmọ àwọn ṣẹ̀, kí wọ́n foríjì í. Bí inú ọ̀gá bá rọ̀ tán, ẹni tó jàre á wá jàre. Ọmọ fúnra ẹ̀ kì í mọ̀ sí i, kó má baà fi ẹnu ara ẹ̀ ba ẹ̀bẹ̀ jẹ́.

"Akọ̀wé," ni èyí tó dàgbà jù wí, "kọ ọ́ pé ọmọ wa ṣẹ̀. Sọ pé ọmọdé ló ń ṣe é."

"Baba, ó ti lé lógójì ọdún."

"Ṣé ó ju ìyá ẹ̀ lọ ni?"

Ìyá náà ní, "Ọmọ mi, kọ ọ́ kó dùn. Kọ ọ́ kó pa wọ́n lẹ́kún."

"Àmọ́, Yèyé, òun ní òun ò ṣẹ̀ o."

Àgbà kejì, tí kò tíì sọ̀rọ̀, wò mí láti òkè délẹ̀. "Nígbà tí wọ́n lé ìwọ, ṣé bàbá ẹ lọ bẹ̀ wọ́n?"

"Rárá, sà. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé."

"Ó dáa. Ṣé o rí ibi tí o jókòó sí?"

Mo ki bébà bọ ẹ̀rọ.

Mi ò ní sọ pé wọ́n fipá mú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí màá ti lo Gẹ̀ẹ́sì mi. Mo kọ ọ́ pé ọmọ wa ti jẹ́wọ́ níwájú ẹbí. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, ibi tí mo bá a dé ló gba bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ èṣù ni. Mo jí ọ̀rọ̀ gbọọrọ mẹ́ta nínú ìwé ìgbèjà purofẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀, mo tò wọ́n síbi tí wọn ò ti ní í ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo túmọ̀ ẹ̀ sétí ìyá náà, ó sunkún, èmi sì ń wú bíi búrẹ́dì. Ọgbọ̀n ènìyàn tẹ̀ka sí i. Àwọn àgbà méjèèjì wọ lọ́rì, wọ́n gbé e lọ sí yunifásítì, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Akọ̀wé kékeré bíi tèmi ni. Wọ́n padà dé tayọ̀tayọ̀, wọ́n ní wọ́n tiẹ̀ fún àwọn lága.

Lẹ́yìn oṣù kan, ní òwúrọ̀, purofẹ́sọ̀ gun kẹ̀kẹ́ wá. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó fa bébà méjì yọ lápò. Ọ̀kan ni lẹ́tà yunifásítì. Èkejì ni lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ wa, wọ́n fi kún un fún un. Kò bi mí bóyá èmi ni. Ó fi ìka lé ọ̀kan nínú àwọn "e" tó ń fò yẹn, ó gbé ìka lọ sórí òmíràn, ó tún gbé e lọ sórí òmíràn.

"Gbogbo wọn ló ń yọjú wò mí," ló wí.

Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Ó ní ìgbìmọ̀ ò jókòó mọ́. Wọ́n ní nígbà tí ẹbí ẹ̀ ti kọ̀wé pé ó jẹ́wọ́, kí ni àwọn tún fẹ́ gbọ́? Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn pàápàá ti panu mọ́.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n kọ òmíràn, kí n sọ pé…"

"Má kọ nǹkan kan. Ṣé o ka tèmi?"

"Mo kà á, sà."

"Ojú ìwé méjèèje?"

"Méjèèje, sà."

"O wá kọ èyí."

Mo rò pé á gbá mi létí. Ó kàn jókòó sórí gbòǹgbò, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Ó ní, "Mo gbàgbé ojú ìwé yẹn lóòótọ́ o."

"Mo gbà yín gbọ́, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan ló kù, ìwọ náà lo tẹ̀ ẹ́." Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá gan-an. Ìyá ẹ̀ ti gbọ́ pé lẹ́tà dé, kò sì fẹ́ kí òun kà á fún un, ó ní ọmọ òun lè fi nǹkan pa mọ́. Akọ̀wé tó kọ ti àkọ́kọ́ ló fẹ́. "Kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ òun ló ṣe é," ló wí. "Iṣẹ́ ti lọ ná. Má jẹ́ kí ìyá mi bá a lọ."

Mo tẹ̀lé e lọ. Ìyá náà gbé àpótí fún mi, ó fi ojú sí mi lẹ́nu. Mo na lẹ́tà náà síwájú, mo kà á pé yunifásítì kí Yèyé púpọ̀, ẹ̀bẹ̀ wọn wọ àwọn lára, àwọn sì ti foríji ọmọ náà pátápátá, àmọ́ wọ́n ti fi ẹlòmíràn sípò ẹ̀ kí lẹ́tà wọn tó dé.

"Tí a bá tètè kọ ọ́ ńkọ́?" ló bi mí.

Purofẹ́sọ̀ ń wo òkè àjà. "Yèyé, ẹ ò pẹ́," ni mo wí. "Àwọn ló yára."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ti foríjì í?"

"Wọ́n ti foríjì í, Yèyé."

Ó mí kanlẹ̀, ó kọjú sí ọmọ ẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Kò sí ìbínú lọ́kàn wọn mọ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí."

Purofẹ́sọ̀ dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. "O ṣé o," ló wí, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Purofẹ́sọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù kìíní ní ìṣirò nílùú wa, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ro máàkì kó tó fún wọn níwèé. Lọ́jọ́ ọjà, ìyá ẹ̀ ṣì ń fi púpurù àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi nítorí lẹ́tà dáadáa tí mo kọ. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún rán an wá, ó fi ẹja kan lé e.