Ìkíni Màmá Dáre Ló Tún Ìṣirò Géèmù Mi Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà tí mo ní kafé ìntánẹ́ẹ̀tì ní Ìdó-Èkìtì. Ayé ìgbà yẹn, tí díìṣì sátẹ́láìtì bá ti wà lórí òrùlé ẹ, ìwọ lọ̀gá àdúgbò!

Ọ̀rẹ́ mi láti sẹ́kọ́ńdìrì ni Dáre, òun ni kápúténì bọ́ọ̀lù wa. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Ààyè, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ò sì gbé e mọ́. Nígbà tó kúrò lọ́sibítù, kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni nínú àwa tá a jọ gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní kí làwọn tó ń sáré fẹ́ fi òun ṣe? Ó dùn mí wọra. Ìyá ẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n ṣáà wá nǹkan ṣe, pé ọmọ òun ti ń parẹ́ lójú òun.

Géèmù ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀kan wà tí kálukú ti ń kọ́ ìlú tiẹ̀, tó ń kó ọmọ ogun jọ, tó sì ń gbógun ti ẹlòmíì. Kò gba ìkánjú, kò sì gba ẹsẹ̀! Mo ní kí àwọn ẹgbẹ́ wa tó ti fọ́n ká sí Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ wọlé sí i láti kafé tó wà nítòsí wọn. Kọ̀ǹpútà tèmi á wá jẹ́ sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí gbogbo wọn máa pàdé lórí ẹ̀.

Dáre gbà, àmọ́ ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun á dán an wò. Tó bá já sí ìtìjú, kí n má dé ilé àwọn mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré! Ṣé ẹ rí wàhálà?

Mo jókòó ṣírò. Mo fi ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ dán an wò, mo wo bí dátà tó ń jáde lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, mo wá fi iye wa sọ ọ́ di púpọ̀. Ìṣirò ọmọ práímárì! Ó bá ọ̀nà ìntánẹ́ẹ̀tì mi mu, àyè tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

A kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò láìsí Dáre. Ẹni mẹ́rin wọlé, ó ń lọ geerege. Nígbà tí gbogbo wọn pé, àwọn ọmọ ogun dúró gbagidi, sáfà sì já àwọn ará Èkó sílẹ̀. Mo rò pé agbára ẹ̀rọ ni ò tó, ni mo bá tú mẹ́mórì lára kọ̀ǹpútà méjì, mo fi kún un. Pàbó!

Mo káwọ́ lérí. Àwọn oníbàárà ti padà sídìí ímeèlì wọn nígbà tí Màmá Dáre wọlé.

Ẹ gbọ́, ìyá yìí kì í kí èèyàn lápapọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti bẹ̀rẹ̀: "Àkànmú, o kú uṣẹ́ o. Ará ulé ńkọ́?" Ó bọ́ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan, ó béèrè ọmọ ẹ̀. Ó bọ́ sọ́dọ̀ tíṣà kan, ó béèrè ìyàwó ẹ̀. Kálukú ń dáhùn, òun náà ń béèrè padà. Àwọn méjì míì tún wọlé, wọ́n kí gbogbo wa, gbogbo wa sì dá wọn lóhùn. Kafé tó ti dákẹ́ rọ́rọ́ di ariwo!

Ni mo bá fò sókè. Bí sáfà ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn! Gbogbo ẹni tó bá wọlé, sáfà gbọ́dọ̀ ròyìn ẹ̀ fún gbogbo àwọn tó kù, kó sì ròyìn gbogbo wọn fún òun náà. Tá a bá di ìlọ́po méjì, ìròyìn á lé ní ìlọ́po mẹ́rin. Orí ni mo kà, n ò ka ìkíni.

Kò sí bí mo ṣe lè fẹ ọ̀nà ìntánẹ́ẹ̀tì yẹn sí i. Mo sọ fáwọn ẹgbẹ́ wa pé ẹni mẹ́rin ló lè wà nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé Dáre ò ní jáde, àwọn yòókù á máa gbapò ara wọn. Mo rò pé wọ́n á bínú. Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun á dúró síta títí, bí Kápúténì bá ṣáà ti wà níbẹ̀.

Ọjọ́ pé. Dáre dé lórí àga oníkẹ̀kẹ́ ẹ̀, ìyá ẹ̀ ló ń tì í, ó dijú mọ́rí. Géèmù ń lọ dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn wá kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé, Kápúténì, a ti ń retí ẹ. Ó tẹjú mọ́ ọn fúngbà díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

Ìyá ẹ̀ béèrè pé ta ló kọ̀wé. Ó dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ àtàwọn méjì tí wọ́n jọ wà nínú géèmù.

"Bá mi kí wọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan o!"

Áà, Màmá! Ojú ogun la wà o! Tó o bá gbójú kúrò lára ìlú ẹ nínú géèmù yẹn, wọ́n á kó o lógun ni. Àmọ́ Dáre ń tẹ̀ ẹ́: ìkíni, ará ilé, iṣẹ́, ọmọ. Wọ́n ń dáhùn, ìyá ń béèrè òmíì.

Nígbà tó fi máa wo ìlú ẹ̀ padà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọmọ ogun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò sẹ́yìn odi ẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò jà. Wọ́n ní àwọn ń dúró dè é.

Dáre bú sẹ́kún. Èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Kó tó lọ ló bi mí pé, ọ̀la ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: tẹ́ ẹ bá ń kó èèyàn jọ, ì báà jẹ́ sórí sáfà tàbí sínú pálọ̀, ẹ má ka orí nìkan. Ẹ fàyè sílẹ̀ fún ohun tí wọ́n fẹ́ bá ara wọn sọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló dúró dè yín rí nígbà tẹ́ ẹ rò pé gbogbo ayé ti lọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kí yín, lọ́kọ̀ọ̀kan!