Ohùn Tí Mo Gbé Sétí Ìyá Wa

Nígbà tí fíìmù ń tà, bí àbúrò mi ọkùnrin bá kọjá ní Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, àwọn obìnrin á fi ọjà sílẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń fi ṣe ọkọ ìyàwó nínú eré, ó sì mọ̀ pé òun lẹ́wà. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ara tó kù kàn ń bá a jẹun ni.

Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ ò já geere mọ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí nílé mi ní Òṣogbo, ó ní ẹni tó bá rí òun á ya òun sí fóònù, wọn á máa fi òun tọrọ owó káàkiri. Mi ò dá a lẹ́bi. Mo ti rí bí wọ́n ṣe fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìran wò.

Ṣùgbọ́n ìyá wa wà ní Ìbòkun, ara wọn ò sì yá mọ́. Ojú wọn ti fọ́, etí ni wọ́n fi ń wo fíìmù ọmọ wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé, "Kó wá kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó kú." Mo purọ́ pé ó wà lókè òkun. Mo bẹ àbúrò mi pé kó wá, wọn ò kúkú ríran. Ó ní ìyẹn gan-an ló burú, ohùn nìkan ni wọ́n fi mọ òun.

Ni mo bá gbọ́n àgbọ́njù. Mo wá ibi tó ti ń bá ìyá inú eré sọ̀rọ̀ nínú fíìmù kan, mo lọ sí Ìbòkun, mo gbé fóònù sétí ìyá wa bíi pé òun ló pè: "Ìyá mi, ẹ má bọkàn jẹ́, mò ń bọ̀ nílé."

Wọ́n ti fóònù kúrò létí. "Fíìmù nìyẹn," ni wọ́n wí. "Yèyé ni ọmọ mi ń pè mí. Ìgbà wo ló di ará Ọ̀yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Òótọ́ ni. Ìjẹ̀ṣà ni wá, inú eré nìkan ló ti ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ti mú mi pẹ́ ní Òṣogbo débi pé mi ò rò ó.

"Ó ti kú," ni wọ́n ní. "Ohùn òkú lo fi ń tàn mí." Mo kúnlẹ̀, mo búra, wọn ò gbà. Wọ́n kọ oúnjẹ.

Mo sáré padà sí Òṣogbo. "Bí o ò bá dìde, àwa méjèèjì la pa Yèyé." Ó sunkún, ó wọṣọ, ó sì tẹ̀lé mi lọ́sàn-án gangan láìbojú. Gbogbo àdúgbò wò ó.

Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Yèyé, èmi nìyí." Ọ̀rọ̀ náà jáde wúruwùru. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ pa á lójú láti iwájú orí débi tí ẹnu ti wọ́, wọ́n sì fa ọwọ́ wọn padà.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni tí o bẹ̀ wá yìí," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ó rè ulé rẹ̀."

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kú. Títí di àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ń di ọwọ́ mi mú, tí wọ́n ń kí mi kú ará fẹ́ra kù àbúrò mi, òun náà sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́.