Òṣùwọ̀n Kòkó àti Ìjà Ẹ̀ṣẹ́ Mi

Ọmọ ilé-ìwé ṣì ni mí lọ́jọ́ náà. Aago méje òwúrọ̀ Sátidé ni, àwa mẹ́rin la sì dúró níwájú ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí ní Lálùpọn: èmi, bàbá mi, Tísà Ládélé tó ń kọ́ wa ní ìjà ẹ̀ṣẹ́, àti ọkùnrin tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé láti Gánà àti Dàhọ̀mì ti dé Ìbàdàn láti wá bá àwa ọmọ Nàìjíríà jà. Ẹni tó bá wúwo ju ọgọ́rùn-ún pọ́ùn lọ kò lè jà nínú ẹgbẹ́ tiwa. Kò sí òṣùwọ̀n mìíràn nítòsí tó lè gba èèyàn, ni mo bá gun èyí tí ọkùnrin náà fi ń wọn kòkó. Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ló kà. Inú Tísà dùn, wọ́n ní mo ṣì ní àyè oúnjẹ. Nígbà tí a padà délé, ìyá mi fún mi ní ẹ̀kọ méjì àti àkàrà mẹ́ta, kí ebi má baà pa mí lójú àlejò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bí ojú ṣe máa ń ti ọmọ tó pẹ́ kó tó wọ ilé-ìwé. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Ìjà yìí nìkan ni títóbi mi wúlò fún.

N'Íbàdàn, mo gun òṣùwọ̀n tuntun kan. Akọ̀wé tó ń kà á gbójú sókè, ó ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n fún wa ní wákàtí kan kí n fi fúyẹ́. Tísà bọ́ kóòtù wọn wọ̀ mí, wọ́n ní kí n máa sáré yí pápá ká nínú oòrùn. Wọ́n fi abẹ fá irun orí mi. Mo tutọ́ títí ẹnu mi fi gbẹ bí háríhá àgbàdo. Ọmọ Gánà tí a ó jọ jà ti wọ ìbọ̀wọ́, ó jókòó, ó ń wò mí. Nígbà tí mo tún gun òṣùwọ̀n, pọ́ùn méjì ṣì lé.

Tísà bi mí ní ohun tí mo jẹ. Mo sọ ọ́, mo dorí kodò. Bàbá mi súnmọ́ akọ̀wé.

"Ọ̀gá, ṣé òṣùwọ̀n yín yìí kì í purọ́?"

"Bàbá, àná ni ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò."

Bàbá mi kọjú sí mi. "Mùfú, kì í ṣe àkàrà. Òṣùwọ̀n Lálùpọn tó lè jí tó báyìí lára rẹ, kí ló ti ń ṣe fún kòkó wa?"

Wọ́n gbé ọwọ́ ọmọ Gánà sókè láìjà. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Lóde òní, dókítà ló ń wọn ọmọ tó bá fẹ́ lọ jà nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n á sì tún un wọ̀n kó tó wọ bàálù. Bí ọmọ bá kùnà, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ létí rẹ̀, kí ojú má baà tì í. Bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Ní tiwa, bàbá mi kò jẹ́ kí n fara pamọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, bàbá mi ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sílé àwọn àgbẹ̀. Níbi gbogbo tí a bá dé, wọ́n á ní, "Mùfú, sọ ọ́." Màá dúró pẹ̀lú orí fífá, màá sọ iye tí òṣùwọ̀n kà ní Lálùpọn, màá sì sọ èyí tó kà n'Íbàdàn. Ilé mẹ́rìnlá ni mo ti sọ ọ́ kí oòrùn tó mú.