Oyin tí Nọ́ọ̀sì Lá Nítorí Àbúrò Mi

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Enugu ni gbogbo ayé mi. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi, ilé wa kò jìnnà sí ojú irin, àwọn ọmọ Ìgbò ni mo sì ń bá ṣeré láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ má bi mí léèrè irú Yorùbá tí mò ń sọ nígbà náà o. Màmá mi a máa ní bí mo bá kí ènìyàn, ńṣe ló ń dún bí ìgbà tí mò ń bú u.

Ọdún yẹn ni màmá mi bí àbúrò mi ọkùnrin ní oṣù méje. Ẹ̀yin náà ti rí ọmọ tuntun rí, àmọ́ ẹ ò tíì rí irú èyí. Orí rẹ̀ kò ju ọsàn kan lọ, awọ ara rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé a ń rí àwọn iṣan inú rẹ̀. Inú àpótí gíláàsì kan tó ń móoru ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, rọ́bà tín-ín-rín kan wà ní imú rẹ̀ tí wọ́n fi ń fún un ní wàrà. Àyà rẹ̀ a máa lọ sókè sódò wéréwéré, á sì kàn dédé dúró. Bó bá ti dúró, èmi náà á sé èémí mi. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ á ki ọwọ́ bọ inú àpótí, á fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́pẹ́, ọmọ á tún mí.

Ọmọ Ìgbò ni nọ́ọ̀sì náà, ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Màmá mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù mìíràn, wọn kò lè dìde. Ìyá bàbá mi ló wá láti Ọ̀yọ́ láti dúró tì wá. Ìyá Àgbà kò gbọ́ Ìgbò, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pijin pàápàá kò yé wọn. Èmi ni mo di ẹnu wọn.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Bàbá mi ní ká dúró kí ọmọ kọ́kọ́ jáde nínú àpótí kí a tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá Àgbà fárí gá.

“Ọmọ tí kò lórúkọ, kí la ó fi pè é bó bá fẹ́ máa lọ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kó jìnnìjìnnì bá mi. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n fi ìgò oyin kékeré kan hàn mí, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ tí wọ́n wé sínú bébà, tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, mo gbà. A wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí ẹni tó kàn wá kí ọmọ.

Nọ́ọ̀sì kọjú sí ọmọ mìíràn. Ìyá Àgbà ti ìka bọ inú oyin, wọ́n ṣí fèrèsé kékeré ara àpótí náà, wọ́n na ọwọ́ wọlé. Ìka yẹn tóbi ju ẹnu ọmọ náà lọ. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀kán wàrà mélòó kan ni wọ́n ń fún un, èyí náà kò gba ẹnu. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti dalẹ̀ Ìyá Àgbà. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́?

“Auntie Nurse! Honey dey her hand!”

Kò jágbe mọ́ wa. Ó di ọrùn ọwọ́ Ìyá Àgbà mú, ó rọra fà á jáde, ó pa fèrèsé náà dé. Mo rò pé yóò lé wa, pé a ò ní fojú kan ọmọ wa mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi.

“Ask Mama, wetin the honey dey for?”

Mo ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: pé a fi ń ṣàdúrà kí ayé ọmọ dùn, pé gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ ló máa ń tọ́ ọ wò. Ó ronú díẹ̀.

“Tell Mama say im belle never ready. Small drop fit kill am. But na me dey carry am. Make she put am for my own mouth.”

Ó sì la ẹnu.

Ìyá Àgbà wò ó, wọ́n wò mí, bí ẹni pé mo ṣi ọ̀rọ̀ náà túmọ̀. Lẹ́yìn náà ni omijé wọn dà. Wọ́n fi oyin kan ahọ́n nọ́ọ̀sì, wọ́n fi iyọ̀ kàn án, wọ́n ń wúre fún ọmọ tó wà nínú àpótí. Wọ́n wá gbé ẹnu sún mọ́ gíláàsì náà, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ọ̀sì fi orúkọ Ìgbò kan kún un, àbúrò mi sì ń jẹ́ ẹ títí dòní.

Ẹ̀rù wa kò tán lọ́jọ́ náà o. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ojú nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó lè wo àpótí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ lé màmá mi lọ́wọ́, Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ fún ọ̀dọ́bìnrin nọ́ọ̀sì yẹn. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi oyin ránṣẹ́ sí i títí wọ́n fi kú, àwa náà kò sì dá a dúró.

Nǹkan ti yí padà. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ké bí èémí ọmọ bá dúró, ìyẹn dára púpọ̀. Àmọ́ ta ni yóò la ẹnu fún àjèjì lónìí pé kó ti ìka oyin bọ̀ ọ́? Èmi gan-an kò ní là á, kí n má purọ́ fún yín.

Ní oṣù tó kọjá, a gbọ́ pé ara nọ́ọ̀sì náà kò yá. Èmi àti àbúrò mi, tó ti hu ewú báyìí, lọ bá wọn nílé wọn ní Maryland ní Enugu. Wọ́n ti rù gan-an. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń wo àyà wọn, bóyá ó ń lọ sókè. Kò dá mi lójú pé wọ́n dá wa mọ̀. Àbúrò mi ṣí ìgò oyin, ó fi ìka kàn án, ó ní, “Mama, open mouth.”

Wọ́n la ẹnu. Wọ́n lá a, wọ́n dijú fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí wọ́n lajú, èmi ni wọ́n wò.

“Salt nko?”

A ti gbàgbé iyọ̀.