Bàbá Kàlẹ́ńdà àti Máàkì Ọmọ Mọ́kànlélógójì

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ gbé àga wọ yàrá àwọn olùkọ́. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú tábìlì olùkọ́ jọ́gíráfì, ó sì jókòó.

"Mo ti dé," ni ọ̀gá wí.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ bá wá?"

"Ìjà ni." Ọ̀gá na tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí i. "Òun ló wà nínú kàlẹ́ńdà yìí: 'Bá ọ̀gá jà lórí kọ́kọ́rọ́ yàrá máàpù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.' Mo ní ìpàdé mìíràn ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pẹ́."

Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ nígbà náà tí ilé-ìwé pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn olùkọ́, pé kí wọ́n máa to iṣẹ́ wọn sórí ayélujára. Olùkọ́ jọ́gíráfì ti kọ gbogbo ohun tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ náà ṣe sínú kàlẹ́ńdà, láìmọ̀ pé èyí tí gbogbo olùkọ́ jọ ń lò ni òun ń kọ ọ́ sí. Ojú kò tì í. Ó wo aago, ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nígbà tí àkókò pé, ọ̀gá yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi lé e lọ́wọ́, ó gbé àga rẹ̀, ó lọ. Olùkọ́ jọ́gíráfì fa ìlà sí ìjà náà, ó kọ "ó ti parí" sí i, ó sì lọ sí kíláàsì.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Kàlẹ́ńdà.

Ẹni tó mọ ìtàn yìí sọ jù ni olùkọ́ bàọ́lọ́jì, obìnrin tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí ti Bàbá Kàlẹ́ńdà fún ọdún mọ́kànlá. Òun ló sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá náà, tí àwọn èèyàn fi rẹ́rìn-ín tí omi sì ń bọ́ lójú wọn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é.

"Máàkì iṣẹ́ àṣe jọ́gíráfì àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde," ni ọ̀gá wí. "Ọdún méjì gbáko ni, ọmọ mọ́kànlélógójì. Àjọ ìdánwò fẹ́ gbà á ní aago mẹ́rin ọ̀la. Bí a ò bá fi ránṣẹ́, òdo ni wọ́n máa kọ fún gbogbo wọn."

"Ibo ni máàkì ọ̀hún wà, sà?"

"Inú tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n yín ni."

"Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi o. A kàn jọ ń kọjú síra wa ni."

"Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bá ara yín jà fún ọdún mọ́kànlá," ni ọ̀gá wí, ó sì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì olóògbé fún un. "Bí ìyẹn ò bá jẹ́ ẹbí, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó gbà á. Ọmọ kan wà nínú àwọn mọ́kànlélógójì náà tó fi ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́fà wọn jíjìn odò nínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé orúnkún, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé òdo ló gbà.

Ó ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ó bá fódà ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ yòókù a máa fi kíláàsì àti táàmù sọ fódà wọn lórúkọ. Bí ọjọ́ ṣe rí sí Bàbá Kàlẹ́ńdà ni òun fi ń sọ tirẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ "Ọjọ́ tí òjò lé wa kúrò ní pápá." Ọ̀kan ń jẹ́ "Ìgbà tí ẹ̀yìn ń dùn mí." Ọ̀kan ń jẹ́ "Ìwọ̀nyí ò yé èmi náà mọ́." Èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ "Àwọn tó kù tí ò yé mi."

Ó ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ kíláàsì àti táàmù sí i, kí ẹlòmíràn lè rí nǹkan níbẹ̀."

"Ta lẹlòmíràn? Ṣé òun ló ni ín?"

"Ó dáa. Ẹ wá àkọsílẹ̀ ilẹ̀ oníyanrìn ti kíláàsì kejì fún mi, ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ń wo aago."

Kó tó gbé ojú sókè láti ara aago, bàbá ti ṣí i síwájú rẹ̀. "Ọjọ́ tí wọ́n kun ọ́fíìsì ọ̀gá ni mo kọ ọ́," ni ó wí. "Ìwọ, ṣé o máa ń rántí táàmù?" Ọjọ́ méjì ni olùkọ́ bàọ́lọ́jì ò fi kí i dáadáa.

Kò sí ẹni tó lè bá a wí lórí ẹ̀rọ náà, torí ó gbà pé òun ló lóye rẹ̀ jù. Gbogbo òpin oṣù ló máa ń fi fóònù ya fọ́tò ojú tábúlẹ́ẹ̀tì, á sì fi tábúlẹ́ẹ̀tì ya fọ́tò ojú fóònù. Wọ́n bi í pé kí nìdí. Ó ní bí ọjọ́ kan bá dé tí ọ̀kan parọ́, èkejì á jẹ́rìí.

Nígbà tí alábòójútó ilé-ìwé láti ọ́fíìsì ìjọba wá láti wo bí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́, Bàbá Kàlẹ́ńdà ló kọ́kọ́ nawọ́. "Tẹ́lẹ̀, sà, mo máa ń gbàgbé nǹkan márùn-ún lóòjọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Ní báyìí, ó ń rán mi létí márààrún lẹ́ẹ̀kan náà, ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí ọṣẹ wà lójú mi." Alábòójútó kọ ọ́ sílẹ̀ pé olùkọ́ náà ti tẹ̀ síwájú.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì wá fódà títí Ọjọ́bọ̀ fi lọ. Ó wá a ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó rí fọ́tò fóònù mẹ́rìnlélógún. Kò rí máàkì kan. Ní aago kan ọ̀sán, ó dorí kodò sórí tábìlì.

"Ẹ ò wo èyí tí bàbá ń fi ránṣẹ́ sí yín ni?" ni olùkọ́ ìṣirò bi í láti ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Èwo?"

"Ti ọjọ́ Ẹtì. Ó máa ń sọ fún mi pé, 'Mo ti fi ti ọ̀sẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí àbúrò mi.' Mo rò pé ẹ mọ̀."

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Bàbá Kàlẹ́ńdà ṣàwárí pé èèyàn lè fi ìránnilétí sínú tábúlẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ó fi ogójì ránṣẹ́ sí i. "Ti fèrèsé." "O sọ pé o ò ní sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé òní. Má sọ̀rọ̀." "Báwo ni orúnkún?" Obìnrin náà wá ibi tí wọ́n ti ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́ lórí ẹ̀rọ náà, ó rí i, ó pa bàbá lẹ́nu mọ́ kí ìránnilétí rẹ̀ má yọjú mọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó sì ṣí ibi tó ti pa bàbá lẹ́nu mọ́ padà. Ìránnilétí ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló ń dúró dè é.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ní aago méjì: "Àbúrò, máàkì ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Bí n ò bá sí nílé, kò sẹ́ni tó máa rí tèmi. Mo kọ kíláàsì àti táàmù sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bójú mu."

Òun àti olùkọ́ ìṣirò jọ kó o pọ̀. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mọ́kànlélógójì pé, ẹni tó wọn odò náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú máàkì méjìdínlógún nínú ogún. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ránṣẹ́, àjọ ìdánwò sì dáhùn pé ó ti dé ọwọ́ àwọn.

Olùkọ́ ìṣirò lọ sílé. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ka èyí tí kì í ṣe máàkì. Ó dé ọ̀kan tí bàbá fi ránṣẹ́ ní oṣù kan lẹ́yìn tó ti pa á lẹ́nu mọ́:

"Mo mọ̀ pé o ti pa mí lẹ́nu mọ́. Mo rí i bí ara ṣe ń tù ọ́. Má ṣí i o. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú yàrá yìí sinmi."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú, kì í ṣe omijé ẹ̀rín nìkan ló wà níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé kí n wá pa àkáǹtì bàbá rẹ́ báyìí?"

"Rárá, sà," ni olùkọ́ bàọ́lọ́jì wí, kò gbé ojú sókè, ìka rẹ̀ ṣì ń tẹ tábúlẹ́ẹ̀tì. "Méjìlá péré nínú ìránnilétí rẹ̀ ni mo tíì dá lóhùn."