Kéèkì Páálí tí Tíṣà Fẹ̀hìntọlá Gbé Síwájú Bíṣọ́ọ̀bù

Ní Ìkẹ́nnẹ́, bí ẹ bá ní ẹ ń wá Tíṣà Fẹ̀hìntọlá, ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ kéèkì níbi ìgbéyàwó rí ni yóò júwe ilé rẹ̀ fún yín. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán, láti Òde Rẹ́mọ títí dé Ìsarà, kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n kéèkì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ọmọrogùn po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun bí òwú. Yóò fọ́ ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó dà á sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò jọ fúláwà. Ẹ̀yìnkùlé ni ààrò bíríkì rẹ̀ wà, èédú ló sì ń kó sí i. Kò ní aago kankan tó fi ń wọn iná. Yóò na ọwọ́ sínú ààrò, yóò máa kà lábẹ́ ahọ́n, ọwọ́ yẹn ni yóò sọ fún un bóyá iná ti tó.

Ohun kan ni kò lè mú mọ́ra: ohun tó bá rí i lára. Bí ó bá rí irun kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀, ó ti jẹun tán lọ́jọ́ náà. Láti kékeré ni kò ti jẹ ilá, nítorí pé ó ń fà. Ìyá rẹ̀ nà án títí nítorí ilá, ó sú ìyá náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1980, nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Bíṣọ́ọ̀bù wá ṣe ìsìn ìfọwọ́lélórí fún àwọn ọmọ ìjọ, Tíṣà yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún dá. Wọ́n fi ohun funfun líle dì í fún un ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ó ti ṣèlérí kéèkì tí Bíṣọ́ọ̀bù yóò jẹ lẹ́yìn ìsìn.

Màmá Àbẹ̀bí, tí í ṣe Ìyá Ìjọ, wá kí i. Ó jókòó, ó kẹ́dùn, kò pẹ́ tó fi dé orí ohun tó bá wá.

"Tíṣà, kí la wá fẹ́ ṣe sí ti kéèkì?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ra búrẹ́dì aládùn, ká fi bọ́tà sí i."

"Búrẹ́dì! Fún Bíṣọ́ọ̀bù? Lójú àwọn ará Ìpẹ̀rú tí wọ́n ń bọ̀ wá wò wá?"

Láídé, ọmọbìnrin tí àbúrò Tíṣà bí, wà níbẹ̀. Kò tíì ju oṣù méjì lọ tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé, Ṣàgámù ni wọ́n sì ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. Mo kó kéèkì inú páálí bọ̀. Ó pọ̀ nílé."

"Kí rè é? Kéèkì inú páálí?" ni Ìyá Ìjọ béèrè.

"Wọ́n ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀ síbẹ̀. Ẹ óò kàn da omi sí i ni. A ó wá da pudíìnì, mílíìkì aládùn tó ki, sínú rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ ó gbàgbé ọ̀nà ilé."

Tíṣà fẹ́ sọ pé rárá, ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ ti pàtẹ́wọ́, ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bọ́ mọ́ Tíṣà lọ́wọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ìsìn ku ọ̀la, Láídé gbé páálí mẹ́rin lé orí tábìlì Tíṣà: méjì ti kéèkì, méjì ti pudíìnì. Àwòrán kéèkì wà lára wọn, ó ń dán yìnrìn bí iwájú orí ẹni tó fi òróró para jù.

"Bọ́tà rẹ̀ dà?" ni Tíṣà béèrè.

"Kò gba bọ́tà, Màmá. Òróró ni."

"Òróró tí wọ́n fi ń dín àkàrà?"

"Òun náà ni."

Tíṣà fa àga, ó jókòó. Láídé ya ẹnu páálí kìíní. Òórùn kan jáde síta, ó jọ ti páúdà ọmọ ìkókó, ó jọ ti ọṣẹ ìwẹ̀, kò sì jọ ti ohunkóhun tí wọ́n ń gbìn tàbí tí wọ́n ń fún lára màlúù. Láídé ya ìkejì. Bó ṣe dà á sínú abọ́, nǹkan dúdú kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí ìyẹ̀fun náà. Tíṣà na ọrùn wò ó. Kòkòrò ni, wọ́n pọ̀ jọjọ.

"Ẹ jẹ́ ká jọ̀ ọ́, Màmá," ni Láídé wí. "Ṣebí inú iná ló ń lọ."

"Láídé! Ẹnu Bíṣọ́ọ̀bù lo fẹ́ kó kòkòrò sí? Ẹnu àwọn ọmọ tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ara Olúwa?" Ọwọ́ òsì ló fi gbá abọ́ náà mú, ó gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó dà á sórí ààtàn. Omi gbígbóná ni wọ́n fi fọ abọ́ náà, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Láídé ní láti wọ mọ́tò padà lọ sí Ṣàgámù kó tó mú páálí mìíràn dé.

Nígbà tó dé, ó fọ́ ẹyin sí i, ó da omi àti òróró sí i, ó sì ń lù ú.

"Títí dìgbà wo lo máa lù ú?"

"Ìṣẹ́jú méjì péré ni, Màmá."

Tíṣà wo apá rẹ̀ tó wà nínú ìdì. Wákàtí kan ni apá yẹn fi ń po bọ́tà, ó ti ń pò ó láti ìgbà tó ti wà ní omidan. Ìṣẹ́jú méjì! Ohun tó wà nínú abọ́ ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni ààrò. Ó na ọwọ́ òsì sínú rẹ̀, ó kà, ó ní kí Láídé fa èédú díẹ̀ kúrò.

Kéèkì náà wú kíákíá. Ó wú ju bó ṣe yẹ lọ lójú tirẹ̀, bí ẹsẹ̀ tí oró ti wọ̀. Wọ́n gbé e jáde, Láídé sì dojú ìdí ṣíbí igi kọ ọ́, ó ń gún un níhò káàkiri nígbà tó ṣì ń yọ èéfín. Lẹ́yìn náà ló da ìyẹ̀fun pudíìnì sínú mílíìkì tútù. Kò gbé e kaná rárá. Ó kàn lù ú. Níṣojú Tíṣà báyìí, mílíìkì tútù bẹ̀rẹ̀ sí ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ohun tó ń jáde lójú egbò.

Láídé dà á lé kéèkì lórí. Ó ń wọ inú ihò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fà, ó ń já, ó tún ń fà, bí ikun imú ọmọ tí òtútù mú. Tíṣà kò lè wò ó mọ́. Èébì gbé e, ó sáré jáde, ó fi ọwọ́ ti ògiri ààrò.

"Màmá, ẹ tọ́ ọ wò kẹ̀!" Láídé tẹ̀lé e pẹ̀lú ṣíbí. "Ẹ má tíì bú u."

Nítorí kí ọmọ náà lè fi í sílẹ̀, ó la ẹnu. Ó tọ́ ọ wò. Ó dùn. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dùn, ahọ́n rẹ̀ sì ń béèrè òmíràn. Èyí gan-an ló wá rí i lára jù lọ. Ó tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bu omi iyọ̀, ó fi fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹrin.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo àgbà ìjọ pé sí ilé àlùfáà. Bíṣọ́ọ̀bù jẹ ègé kan, wọ́n ní kí wọ́n bù sí i. Wọ́n béèrè ẹni tó ṣe kéèkì náà. Ìyá Ìjọ ti Tíṣà síwájú, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́," ni Bíṣọ́ọ̀bù wí. "Èyí tí ẹ ṣe fún wa lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn dùn, mo rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí fi í sílẹ̀ jìnnà. Ọwọ́ yín ti wá dára sí i."

Ìyìn náà rí Tíṣà lára. Ó gbé apá tí wọ́n dì sókè.

"Bàbá, ọwọ́ mi kọ́. Ọwọ́ mi ti dá. Páálí ni wọ́n ya, wọ́n da omi àti òróró àkàrà sí i. Kòkòrò sì wà nínú ọ̀kan nínú wọn."

Ẹnì kan rọra gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Ìjọ ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé kí ó lanu gbé òun mì. Bíṣọ́ọ̀bù wo ègé tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Èyí tó ní kòkòrò yẹn, ẹ dà á nù?"

"Mo dà á nù, Bàbá. Èmi fúnra mi."

"Ó dáa." Wọ́n jẹ ìyókù, wọ́n nu ẹnu.

Oṣù kan gbáko ni Ìyá Ìjọ kò fi dá Tíṣà lóhùn àyàfi kí ó jẹ́ "Ẹ káàárọ̀" lásán. Ó ní Tíṣà dójú ti ìjọ. Àwọn obìnrin ìjọ kò tilẹ̀ bìkítà nípa òtítọ́ tó sọ. Ilé Láídé ni wọ́n ń wọ́ lọ láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń da pudíìnì sínú kéèkì. Nígbà tí Kérésìmesì dé, ọwọ́ Tíṣà ti san, ṣùgbọ́n kéèkì onípudíìnì ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ó ní òun kò ṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí i pé ayé ti ń lọ, ó dúró sẹ́yìn. Ó jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, ààrò rẹ̀ tutù, ó ń gbóòórùn páúdà yẹn láti ilé aládùúgbò, ó ń fi ọwọ́ bo imú.

Ọdún kan ààbọ̀ ló fi rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọjà òkèèrè di ọ̀wọ́n. Páálí tán ní ilé Láídé, ó sì tán ní Èkó. Àwọn obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn Tíṣà, bí ẹni pé wọn kò lọ síbi kankan rí. Ìyẹn náà rí i lára. Ó gba iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni lómi mu.

Láídé ló gbẹ̀yìn dé. Kò wá ra kéèkì, ó ní òun fẹ́ kọ́ ọ. Tíṣà gbé abọ́ àti ọmọrogùn fún un, ó jókòó tì í, kò sì jẹ́ kó sinmi títí bọ́tà fi funfun. Òógùn ń kán sílẹ̀ lójú Láídé, ó ń kérora.

"Nù ún," ni Tíṣà wí. "Má jẹ́ kó kán sí i."

Nígbà tí kéèkì náà jáde, àárín rẹ̀ wọlé, ìdí rẹ̀ jó. Láídé bojú. Tíṣà mú ọ̀bẹ, ó ha ibi tó jó kúrò, ó gé ègé kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.

"Ọ̀la," ó wí, "tètè dé."