Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Òògùn

Mo rántí ìgbà tí òórùn búrẹ́dì kì í kúrò lára aṣọ mi, bí mo tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilé búrẹ́dì kan lójú ọ̀nà Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Ọ̀gá wa rán mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta lórí ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa níbi iṣẹ́. Mo gba sàtífíkéètì bọ̀, mo sì gbé àpótí fáàsì éèdì onígi kan dání. Bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń rìn lọ́sẹ̀ náà, ẹ ó rò pé dókítà ni mí.

Òwú, báńdéèjì, sípírítì àti parasitamọ́ ló wà nínú àpótí náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí parasitamọ́ fi tán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ pé orí ń fọ́ òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kó o lọ fún àwọn ọmọ wọn nílé. Kò pẹ́ sí i, ẹni tó ń yan búrẹ́dì mú òògùn kan tó ṣẹ́ kù sí i lápò, ó fún òṣìṣẹ́bìnrin kan lò, ojú obìnrin náà sì wú. Inú bí mi gidigidi. Mo ra àgádágodo, mo ní kí káfíńtà kan irin mọ́ àpótí, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì mi. Mo wá ṣòfin pé òògùn yòówù tó bá wọ ilé búrẹ́dì, inú àpótí ni yóò máa gbé. Àwọn àgbà ní àṣejù, baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ìbá sọ ìyẹn fún oníwèé-ẹ̀rí bíi tèmi?

Màmá kan wà tó ń po ìyẹ̀fun, tó ní ikọ́ fée. Òun ló máa ń bu èkuru fún mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ tí n kò mọ ẹnì kankan. Ike kékeré tí wọ́n ń fín sẹ́nu, tí wọ́n ń pè ní ínhélà, kì í kúrò ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Nígbà tí òfin mi dé, ó wá bá mi ní sítọ́ọ̀.

"Ọ̀gá Sítọ́ọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí tèmi máa wà lára mi. Nǹkan yìí kì í dúró deni."

"Màmá, tí mo bá gbà fún yín, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó kù? Ẹ ṣáà ti pè mí, màá ṣí i."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣí àpótí fún un lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, orí mi sì wú.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo lọ síbi ìkómọ ọmọ àbúrò mi ní Ìpetumodù. Bẹ́líìtì mi wà nídìí mi, kọ́kọ́rọ́ sì wà lára rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ lórúkọ tán ni dírẹ́bà ilé búrẹ́dì já wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́, ká máa lọ! Màmá ò lè mí!"

Kò tíì sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Mótò kan ṣoṣo tó yẹ kó gbé màmá lọ sílé ìwòsàn ni wọ́n fi wá mi wá. Láti Ìpetumodù títí dé Ifẹ̀, mo di kọ́kọ́rọ́ náà mú, mo ń bẹ Ọlọ́run.

Nígbà tí a dé, wọ́n ti fi àáké fọ́ àpótí. Wọ́n ti fín òògùn náà sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò lè fà á mọ́. Orí àpò ìyẹ̀fun ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó ti kú.

Mo pariwo mọ́ wọn pé kí ló dé tí wọn ò tètè fọ́ ọ. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì wolẹ̀.

"A fẹ́ fọ́ ọ. Màmá ló ń juwọ́ pé ká má fọ́ ọ, ó ń mí gúlegúle, ó ní ẹ ó bínú, pé òun á dúró dè yín."

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín igi fífọ́. Ìdérí àpótí wà lẹ́sẹ̀ mi, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fún wa níbi ẹ̀kọ́ yẹn, tí èmi fúnra mi lẹ̀ mọ́ ọn, tí n kò kà rí. Ọjọ́ yẹn ni mo kà á: òògùn tí dókítà bá kọ fún ẹnì kan, ọwọ́ ẹni náà ni kó máa wà.

Níbi ìsìnkú ní Òkè-Ogbó, ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọjọ́ ló pé. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi." Kò sẹ́ni tó bú mi. Ó wù mí kí ẹnì kan bú mi, kí n lè rí nǹkan sọ.

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù tèmi. Àpótí òògùn wà níbẹ̀, kò ní àgádágodo. Àwọn òṣìṣẹ́ mi ń kó parasitamọ́ lọ sílé, mo sì ń ra òmíràn sí i láìbi wọ́n léèrè. Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ìgbà mìíràn, tí mo bá ń di bẹ́líìtì láàárọ̀, ọwọ́ mi á kàn lọ síbi tí kọ́kọ́rọ́ yẹn máa ń wà, ọkàn mi á sì bàjẹ́. Màmá ní kí n jẹ́ kó máa wà lára òun. Èmi ni mo ní rárá.